Ìlérí Tí Mo Ṣe Lórí Èsì Àyẹ̀wò

Òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kí òórùn àkàrà tó gba ojú fèrèsé wọlé wá bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà mẹ́rin tí a so pọ̀ níbẹ̀. Wáyà tẹlifóònù ló so wọ́n mọ́ ẹ̀ka wa ní Apọ́ngbọ̀n, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ nọ́ńbà tẹlifóònù náà lè gba ojú wáyà wọlé. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn, tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú. Bí kọ̀ǹpútà bá ti lè tàn, ọpẹ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ dókítà tó ni ibẹ̀ pé kí a ra fáyáwọ́ọ̀lù, ètò tó máa ń dúró bí ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, kí a sì sọ èsì àwọn aláìsàn di àmì tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní lè kà. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí kọ̀ǹpútà, ta ló fẹ́ jí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀?"

Àsìkò yẹn ni ọmọge kan wá, aránṣọ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá CMS. Wọ́n ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Èsì tirẹ̀ jáde: kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó níwájú tábìlì mi, níbi tí mo ti tẹ ìwé èsì náà jáde fún un, ó ń fi ìka ká etí rẹ̀, ó tún ń tú u.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un. Ṣé ẹlòmíì ò lè rí i?"

"Kò sẹ́ni tó lè rí i," mo ní. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ẹnì kan fi gba ojú wáyà wọlé, tó tẹ èsì rẹ̀ jáde, tó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. A ò mọ ẹni náà títí dòní. Ìgbéyàwó tú ká. Àwọn oníbàárà kó aṣọ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tí kò tíì rán pàápàá. Nígbà tó padà wá bá mi, kò pariwo. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, mà." Ìyẹn nìkan ló sọ, ó sì yísẹ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì ni dókítà ní kí n ra ohun gbogbo tí mo fẹ́. Mo fi fáyáwọ́ọ̀lù sí i, mo ti gbogbo èsì pa, iṣẹ́ náà sì dára. Mo wá ọmọge náà lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ ní ó ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ó ti kú.

Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mo ṣì fi ń jẹun. Bí wọ́n bá bi mí bóyá ó dájú pé ẹnikẹ́ni ò lè wọlé, mo máa ń sọ pé kò dájú. Àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ọmọge yẹn ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ fún ní ìdáhùn náà.