Ikọ́ Ọkọ̀ Tíṣà

Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe mẹkáníìkì, kò sí oníbàárà tó tíì bá mi jà rí pé mo tún ọkọ̀ òun ṣe dáadáa jù. Àfi Tíṣà. Ẹ gbà mí o!

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Tíṣà, a jọ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ̀ àtijọ́ tó rà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣì ń wà títí di òní, oníkabúrétọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ìwòyí ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ó ń kú lójú ọ̀nà, ó ń rú èéfín dúdú, ó sì ń mu epo ní àmupara.

"Ọ̀gá, jọ̀ọ́," ó ní, "ìyá mi ni mo fẹ́ lọ gbé wá sílé mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ń dá gbé, ojú wọn ti fọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tèmi. Tí wọ́n bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á dìde."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò: epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, sílẹ̀, mo fọ gbogbo ihò ara rẹ̀, mo fẹnu fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀, bébà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ti ya. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń súfèé tó sì ń húkọ́. Mo jù ú nù, mo fi tuntun sí i. Mo wá mú sukurudíráfà, mo ń yí ìdè kékeré tó ń díwọ̀n epo, mo ń tẹ́tí, títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi lọ geere. Mo gbé owó onírin kan nàró lé e lórí, kò ṣubú. Mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi wá wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tíṣà padà dé, òun nìkan.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọn ò tẹ̀lé mi. Dá ọkọ̀ yìí padà sí bó ṣe wà."

"Ṣé ó kú lọ́nà ni?"

"Kò kú. Ó dákẹ́ jù."

Mo ní kí ló wí? Ó wá ṣàlàyé. Ikọ́ ọkọ̀ yẹn ni Màmá fi ń mọ̀ pé ọmọ àwọn ti dé. Wọn ò gbọ́ ikọ́ lọ́jọ́ yẹn, iyè wọn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ jí mọ́. Tíṣà sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ohùn àgbàlagbà lèyí, ọmọ àwọn ò tíì dàgbà tó báyìí. Nígbà tó fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n figbe ta, àwọn ará àdúgbò fẹ́ẹ̀ lù ú.

Inú bí mi. "Ẹni tí wọ́n wo àìsàn rẹ̀ sàn, ó ní kí wọ́n dá àìsàn òun padà! Tíṣà, ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ò lè ṣe é?

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ya ti bá ilẹ̀ gbígbá lọ. Mo yí ìdè sọ́tùn-ún, ọkọ̀ kú. Mo yí i sósì, èéfín bò wá. Mo dẹ ẹsẹ̀ kabúrétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jò wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ṣé bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀?"

"Inú ọkọ̀ lèmi máa ń wà. Àwọn Màmá ló ń gbọ́ ọ níta."

Ó tán! Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀, kò mọ ohùn rẹ̀.

Bá a ṣe kó ara wa lọ sílé Màmá lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Mo gbé ọkọ̀ sábẹ́ fèrèsé wọn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tíṣà wọlé lọ jókòó tì wọ́n. Mo ń gbọ́ tí Màmá ń sọ fún un: "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ wá bá mi jókòó. Ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé mi."

Mo tan ẹ́ńjìnnì.

"Ta ló ń pariwo níta yẹn?"

"Mẹkáníìkì ni, mà. Ohùn ọkọ̀ Tíṣà ni mò ń wá."

"Ìyẹn kọ́. Ìyẹn ń kérora bí ẹni inú ń run."

Mo yí i.

"Ó ti yára jù. Ọmọ mi kì í kánjú."

Mo tún yí i.

"Ikọ́ yẹn gbẹ jù. Ti ọmọ mi, á kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi, á wá kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé o kì í gbọ́ràn ni?"

"Mo ń gbọ́, mà!"

Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Ti Màmá yìí, wọn ò tiẹ̀ rí i, ìjókòó ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ! Èmi, ọ̀gá pátápátá, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń bu epo sí wá ń kọ́ mi níṣẹ́. Òógùn bò mí, ẹ́ńjìnnì jó mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ sú mi. Mo fi ìbínú yí ìdè náà wìì, mo ní kó bá ibi tó bá wù ú lọ.

Ọkọ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó sinmi. Ó kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Màmá ti dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká Tíṣà.

"Ọ̀gá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ lè máa lọ sílé yín báyìí. Ọmọ mi ti dé."

Tíṣà di ọwọ́ wọn mú. Ó rọra mú wọn sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀. Ó yípo, ó wọlé sídìí ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ rẹ̀ kàn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mẹkáníìkì ló dá mi dúró."

Màmá pòṣé. "Mo gbọ́ ọ. Kò mọṣẹ́ rárá."

Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fún wọn. Wọ́n fi èéfín dúdú bò mí mọ́lẹ̀, wọ́n sì lọ.