Ẹ̀rọ Tí Ń Kọ Ìkíni Sílẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi láti inú ẹ̀rọ, n kò mọ̀ pé èmi ni. Ọmọ mi obìnrin ló pè mí láti inú yàrá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá gbọ́ nǹkan." Ó yọ kinní tó máa ń fi bo etí, ó fi bò mí létí, mo sì gbọ́ arúgbó kan tó ń kígbe pé, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ìjókòó! Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Òjò àná kò ba nǹkan jẹ́ o?" Mo ní ta ni aláriwo yìí. Ọmọ mi ní, "Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ìgbà tí ẹ lọ gba oògùn yín ni."

Ó gba kinní etí padà kíákíá, nítorí pé ohun tó kù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe ti etí mi.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò mọ̀ wá: iṣẹ́ ọmọ mi ni pé kó máa kọ ohun tí àwọn dókítà bá sọ. Dókítà a yẹ aláìsàn wò tán, a gbé fóònù sẹ́nu, a fi èdè Faransé sọ ohun tó rí: bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe rí, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru, oògùn wo ló fún un. Ohùn náà á lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Kùtọnu, ilé iṣẹ́ náà á pín in fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí àwa níbí ń pè ní òdìnatọ̀. Nínú àwọn dókítà tí wọ́n ń fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ọ̀kan jẹ́ dókítà tiwa gan-an ní Kétu. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà sí wa rárá. Bí ewúrẹ́ wa bá já, ibẹ̀ la ti ń lọ mú un. Síbẹ̀ ohùn dókítà á kúrò níbẹ̀, á dé etí òkun, á tún padà wá bá wa nílé. Mo bi ọmọ mi bóyá títì Àjàṣẹ́ ló ń gbà. Ó ní kì í ṣe ohun tó ń gba títì. Mo ní ohun tó bá lọ tó sì bọ̀ gbọ́dọ̀ gba ibì kan.

Dókítà wa kì í ti ilẹ̀kùn. Ooru pọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Bó bá ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ẹnì kan wọlé, ẹni náà á kí i. Ta ni yóò kọjá lára ènìyàn láìkí i? Dókítà náà, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, á dáhùn. Á fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ ná, á béèrè ìyá, á béèrè oko, á béèrè bóyá àgbàdo ti gbó, lẹ́yìn náà á padà sórí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ mi á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì kọ kìkì èyí tó jẹ́ ti àìsàn. Bí ohùn bá ṣe gùn tó ni wọ́n fi ń sanwó fún un, nítorí náà ìkíni wa kò pa á lára. Ká tilẹ̀ sọ òótọ́, ìkíni wa ń bọ́ ọ. Owó yẹn náà ló fi gbé ilé yìí ró, èmi àti òun àti ọmọ rẹ̀ kékeré, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, tí agbára mi kò sì ká oko mọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n mú ẹ̀rọ kan dé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi fi hàn mí. Ó sọ Faransé díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì ń tò jáde lójú ẹ̀rọ bí èèrà tó ń jáde nínú ihò. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo kí ẹ̀rọ náà ní Nàgó wa, Yorùbá tiwa níbí, ó sì kọ nǹkan.

"Kí ló kọ?"

"Faransé ni, Bàbá, ṣùgbọ́n kò nítumọ̀. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti gbọ́, á wá Faransé kan fi bò ó."

Mo ní, "Ó jọ àwọn kan tí mo mọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba." Ẹ̀rín pa wá.

Àṣé iṣẹ́ ọmọ mi ló yí padà yẹn. Kì í ṣe òun ló ń kọ mọ́. Ẹ̀rọ á kọ, òun á tún un ṣe. Owó náà yí padà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, láti fi rọ́pò èyí tí ẹ̀rọ ṣì kọ, ni wọ́n ń kà tí wọ́n ń sanwó lé. Èyí tó bá yọ kúrò, wọn kì í kà á. Ní ti àwọn dókítà Kùtọnu tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, ó ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n ohùn Kétu! Ẹ̀rọ kọ gbogbo ìkíni wa pátá, ó sọ ọ́ di Faransé jákujàku, ó pò ó mọ́ àìsàn. Ọmọ mi á jókòó láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn á fi rọlẹ̀, á máa ṣa àgbàdo àti ìyàwó àti òjò àná kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí owó oṣù dé, ó wo fóònù rẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ó ní, "Bàbá, èmi ń ro koríko, àwọn ń san owó ọ̀gbìn."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe àwọn."

Ó ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun yóò kó lọ sí Kùtọnu lọ wá iṣẹ́ mìíràn, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ti bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ yàrá. Ilé tí mo ti ń gbọ́ ariwo láàárọ̀ lálẹ́, mo ń wò ó bí yóò ṣe rí tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tí màá pè tí yóò dáhùn.

Láàárín oṣù náà, mo tún lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Dókítà ń bá fóònù sọ̀rọ̀, mo sì kí i bí mo ṣe máa ń kí i. Kò dáhùn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀ nígbà tí mo padà sórí bẹ́ǹṣì.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ sún fún mi. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ yẹn, gbogbo wa ló ti gba tiwa. Ó nà án sí lémọ́ọ̀mù lánàá."

"Kí ni lémọ́ọ̀mù sọ?"

"Ó ní òun yóò máa fi í sádùúrà."

Ọkùnrin kan tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ dá sí i: "Àdúrà kọ́. Owó ló ti dé. Ẹni tó ra mọ́tò tuntun, ṣé ó tún ń rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn?"

"Mọ́tò wo? Ògbólógbòó rẹ̀ náà ló wà níta yẹn, tí adìẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀."

"Tuntun ń bọ̀ lọ́nà," ọkùnrin náà ní.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe mí ní kàyéfì, torí ènìyàn kì í dédé bọ́ ìwà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. Mo jókòó dè é. Bó ṣe gbé fóònù kalẹ̀, ó sáré jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí síméńtì níwájú gbogbo wọn.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín ló bẹ̀ mí. Ó ní gbogbo ìkíni tí mo bá dáhùn, òun ló ń fi ọ̀sán yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo délé, mo bi ọmọ mi: "Ìwọ lo ní kí dókítà máa na ọwọ́ sí mi?"

Ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Bàbá, n kò ní kó nà án sí ẹ̀yin!"

Ọwọ́ náà kò pẹ́ nílẹ̀. Ìyá àgbà kan gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, wá láti Kpankú. Ó kí dókítà, ó rí ọwọ́, ó yíjú padà, ó tún gun sẹ́míjàn kan náà lọ sílé láìjẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò. Dókítà fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò lè ṣe é mọ́. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá béèrè pé ṣé wọ́n sùn dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé àyà ń dun àwọn. Bí wọ́n bá jókòó níwájú mi tán, wọ́n á ní kò sí nǹkan."

Ọmọ mi kò bá a jà. Ó kàn dẹ́kun ṣíṣí ohùn Kétu. Wọ́n pín in fún àwọn ẹlòmíràn, àwọn náà dá a padà. Ta ló fẹ́ ro oko ọ̀fẹ́? Dókítà retí ìwé àwọn aláìsàn rẹ̀ títí, kò rí i, ó sì pe Kùtọnu. Kùtọnu wá pe ọmọ mi. Ó ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó gbé fóònù sórí àpótí, ohùn ọ̀gá rẹ̀ sì kún àgbàlá. Faransé ni wọ́n ń sọ; mo ń gbọ́ ọ, kíkà rẹ̀ ni n kò mọ̀.

"Màdámù, kí ló dé tí dókítà yín kò lè pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀?"

"Ọ̀gá, Kétu nibí. Bó bá pa ẹnu mọ́, kò ní rí aláìsàn wò, ẹ̀yin náà kò sì ní rí ohùn gbà."

"Ẹ̀rọ ló ń ka ọ̀rọ̀, màdámù. Kì í ṣe èmi."

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé kó má ka èyí tí mo yọ?"

Kí ọ̀gá tó dáhùn, mo ti dá sí i. Èmi kì í lè gbọ́ ohùn ènìyàn nínú àgbàlá mi kí n má kí i. Mo fi Yorùbá ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni bàbá rẹ̀."

Ọmọ mi ranjú mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá rọ̀ wọ̀ọ̀, ó bọ́ sí Yorùbá Àjàṣẹ́: "Háà, Bàbá! Ẹ kú ilé o. Ṣé ara le? Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní ara le, àfi orúnkún. Ó ní orúnkún náà ló ń da ìyá òun láàmú. A sọ orúnkún títí ẹ̀kọ fi jinná. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màdámù, mo ti gbọ́. Ohùn Kétu, bó bá ṣe gùn la ó máa fi san án, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ti Kétu nìkan o. Má sọ fún àwọn tó kù."

Ọmọ mi ní, "N kò ní sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, n kò ní purọ́."

Owó náà kò tíì padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹ̀rọ ni ti àwọn dókítà yòókù ṣì wà. Ó kàn tó láti fi dúró. Ọmọ mi pe obìnrin tó ni yàrá Kùtọnu, ó ní kó gbé e fún ẹlòmíràn.

Èmi kò yé béèrè ọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà yóò mọ ìkíni yàtọ̀ sí àìsàn lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ní ó ń kọ́ ọ, Bàbá."

"Ta ni olùkọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni. Gbogbo èyí tí mo bá yọ, ó ń wò ó."

"Bó bá wá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?"

Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. "Bó bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ óò tún bá mi bá ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ orúnkún." Ó gbé kinní náà bo etí, ó sì ní kí n gbé àga mi síta díẹ̀, ohùn Kétu ti dé.