Ihò Ẹmu Máníjà Bánkọ́lé

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkìtì ni Bánkọ́lé kó ẹrù láti Ìbàdàn padà sí Ìdó. Mẹ́gáàdì ló jẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí kan ní Ìbàdàn, ìdí géètì ló sì ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ kó tó sọ̀ nínú ọkọ̀, ó ti di Máníjà. Kóòtù aláwọ̀ eérú kan ò kúrò lọ́rùn ẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Òógùn á bò ó, kò ní bọ́ ọ.

Ó bá Ọmọ́wùmí ìyàwó ẹ̀ nídìí ẹmu àti ata ẹja tó ń tà lọ́nà Ọ̀rìn. Ewé ni Ọmọ́wùmí fi ń bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kí ẹmu lè máa mí. Ìta gbangba lẹ́yìnkùlé ló ń gbé sìlíńdà gáàsì sí.

"Ìwà ará oko!" ni Máníjà wí. "Òyìnbó kì í kó ọtí sójú oòrùn. Abẹ́ ilẹ̀ ni. Sẹ́là là ń pè é."

Ló bá gbẹ́ ihò sábẹ́ yàrá ẹ̀yìn, ó fi páànù ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀. Ó kó kẹ́ẹ̀gì wọbẹ̀, ó da ewé nù, ó lọ́ ọmọrí wọn pa pinpin, ó tún fi rọ́bà wé e. Ó wá gbé gáàsì tì wọ́n. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́lódùn ló ń wá ibi tí wọn á ti máa ṣèpàdé. Bí wọ́n bá mú ọ̀dọ̀ ẹ̀, orúkọ Máníjà ti dúró nìyẹn. Bí wọn ò bá mú un, aráyé á rántí pé géètì ló ń ṣí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá wò ó, Ọmọ́wùmí na imú sí ẹnu ihò.

"Bàbá Ìtùnú, nǹkan ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Gáàsì yẹn ń jò o."

"Òórùn sẹ́là ni. O ò wọ ọ̀kan rí."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Àbí ìdí géètì ni wọ́n gbẹ́ tiwọn sí?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni alága ẹgbẹ́, Bàbá Ọláníyì, ti kó èèyàn ẹ̀ wọlé.

"Bánkọ́lé, abẹ́ ulé rẹ yìí mà ṣókùnkùn!"

"Ẹ má ṣèyọnu, sà." Ó ti sọ̀ kalẹ̀, àtùpà lọ́wọ́ kan, ìṣáná lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ má ṣáná síbẹ̀!" Ọmọ́wùmí ké tòò.

Ó ti fa igi ìṣáná yọ. Àfi gbòsà! Kẹ́ẹ̀gì kan tí ikùn ẹ̀ ti wú bí ti aláboyún fọ́n ọmọrí nù, ẹmu rọ́ lu Máníjà lójú, ó rin ìṣáná gbindin. Gbòsà! Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Máníjà fò jáde, ìfóòfò ń kán ní irùngbọ̀n ẹ̀.

Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n bọ́ síta, wọ́n dúró jìnnà títí òórùn fi lọ. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé sìlíńdà padà sí gbangba.

Alága jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó gba ife. "Ibí yìí la mú. Máníjà, bù fún wa."

Bánkọ́lé sáré dìde. Alága na ife kọjá iwájú ẹ̀, sí Ọmọ́wùmí.

"Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i," ni Bánkọ́lé ń wí, "pé sẹ́là tèmi ń paná fúnra ẹ̀?"