Ròkí, Ọyẹ́, àti Súẹ́tà Tí Kò Fẹ́ Wọ̀

Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àárọ̀ ọjọ́ Wẹsidé kan nínú ọyẹ́ ni. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tí mo fi ń hun súẹ́tà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, mò ń retí kí Ròkíbátù ọmọ mi ti ilé-kéwú dé, kó wá wọ aṣọ ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, eré ló sì máa ń sá wọlé. Lọ́jọ́ yẹn mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan, mo dúró, n kò gbọ́ èkejì. Nígbà tí mo yọjú, ó fara ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di itan ọ̀tún mú. Kò sunkún. Ó kàn sọ pé, "Màámi, itan mi ti bẹ̀rẹ̀ o."

Apá rẹ̀ wà níta láti èjìká. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí ara àmù. Súẹ́tà tí mo hun fún un wà nínú báàgì kéwú rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé tírà lé e lórí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé àìsàn yìí fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Fòníkú-fọ̀la-dìde ni àwọn àgbà ń pè é. Èmi jẹ́ AS, bàbá Ròkí jẹ́ AS, a kò sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fẹ́ ara wa. Ọmọ náà gba S kan lọ́wọ́ mi, ó gba S kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn, àwọn ẹyọ pupa kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri gbogbo ara. Wọ́n rí róbótó, wọ́n sì rọ̀ débi pé wọ́n lè fún ara wọn kọjá níbi tóóró. Ti ọmọ tó jẹ́ SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi ara rẹ̀ bá dín, tàbí ibà mú un, tàbí òtútù wọ̀ ọ́ lára, àwọn ẹyọ náà á le, wọ́n á tẹ̀ bíi dòjé tí wọ́n fi ń gé koríko, wọ́n á sì há mọ́ ara wọn nínú iṣan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti lè dé mọ́ ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Kíráísìsì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é.

Ohun tí òtútù ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé, nítorí ó pẹ́ kí n tó rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí òtútù bá kan awọ ara, àwọn iṣan kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ á fún pọ̀ kí ooru inú má baà jáde. Oore ni fún èmi àti ìwọ. Fún Ròkí, ọ̀nà tí kò gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ ló tún wá dín kù sí i.

Kò sẹ́ni tó rán mi lọ kọ́ gbogbo èyí. Inú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní kílíníìkì ni mo ti kà á, mo sì fi ìbéèrè da àwọn nọ́ọ̀sì láàmú títí wọ́n fi mọ orúkọ mi. Mo tiẹ̀ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, mo gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó wà ní mọ́kàndínlógún. Ọkọ mi, tó ń wa mọ́tò láti Bẹẹrẹ, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nílé tòun, èèyàn kì í mọ̀ pé òtútù ń mú òun àfi tó bá kọ́kọ́ lọ bi ògiri.

Súẹ́tà sì ni iṣẹ́ mi. Kádígàn àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń hun, Ọjà'ba ni mo ti ń tà á. Ti Ròkí, mo fi òwú ìlọ́po méjì hun ún, ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì fún pinpin, tí afẹ́fẹ́ kò lè rí àyè wọlé. Mo máa ń fà á yọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n wo ọrùn-ọwọ́ yẹn, kí wọ́n wo bí mo ṣe dí ọ̀nà mọ́ ọyẹ́.

Ọmọ tí mo tìtorí rẹ̀ hun ún kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àárọ̀ kan kò kọjá láìsí ariwo. Mo rò pé ìtìjú ni, torí mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé-kéwú ń pè é ní Ìyá Àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo pè é ní olórí kunkun lójú àwọn ará ilé. Ó máa ń wọ̀ ọ́ jáde, ó sì máa ń gbé e wálé nínú báàgì. Nígbà tí mo lọ bá àfáà wọn, ó ní òun náà ti sọ̀rọ̀ títí, pé ọmọ náà ní ooru ń mú òun. Mo bínú gan-an. Ooru wo nínú ọyẹ́?

Lọ́jọ́ Wẹsidé yẹn, mo ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ wa pé kí a ṣe nílé. Mo fún un ní oògùn ìrora tí wọ́n fún wa ní kílíníìkì, mo fi aṣọ inura tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo itan rẹ̀, mo sì ń fún un lómi mu, kọ́ọ̀pù kan láàárín wákàtí kan. Títí di ọ̀sán, mo rò pé apá mi ká a. Lẹ́yìn ìrun àílà ó ní ìrora náà ti gòkè dé àyà. Mo wo ikùn rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò kíákíá, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìrora ẹsẹ̀ nìkan, ẹ lè kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ nílé. Bí ibà bá dé, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí èémí rẹ̀ kúrú, ẹ má dúró wo ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn.

Ọkọ mi já èrò sílẹ̀, ó wá gbé wa. Ní Oríta-mẹ́rin ọ̀nà dí pa. Ó yọ orí síta, ó ní ọmọ òun ni òun ń gbé lọ ilé ìwòsàn. Àwọn tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gbé agboòrùn wọn, wọ́n fa àpótí wọn sẹ́yìn, a sì rí ọ̀nà kọjá.

Ní ilé ìwòsàn, orí bẹ́ǹṣì ni a kọ́kọ́ wà. Àwọn ènìyàn pọ̀ níwájú wa, káàdì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdúró yẹn le ju ọ̀nà lọ, nítorí lójú ọ̀nà ó kéré tán à ń lọ síbì kan. Ròkí gbé orí lé mi láyà, mò ń ka èémí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ dúró, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan há a ní ìka. Ẹ̀rọ yẹn ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ó yẹ kó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún. Tirẹ̀ wà ní mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Nọ́ọ̀sì kò tún bi wá ní káàdì mọ́.

Dókítà ní àwọn ẹyọ dòjé ti há sínú ẹ̀dọ̀fóró, pé ìyẹn ló léwu jù nínú gbogbo ohun tí àìsàn yìí lè ṣe. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní ó nílò ẹ̀jẹ̀. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè kí dókítà tó parí ọ̀rọ̀. Ó rọra sọ fún mi pé wọn kò ní lo tèmi torí mo jẹ́ AS, ti bàbá rẹ̀ náà ńkọ́, bákan náà ni. Àwa méjèèjì tí a bí i dúró síbẹ̀, kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára wa tó wúlò fún un. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ AA, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Ròkí mu, ló wá fún un.

N kò lè kọ púpọ̀ nípa ọjọ́ kejì. Mo jókòó, mò ń wo nọ́ńbà orí ẹ̀rọ. Bó bá gòkè ní ẹyọ kan, èmi náà á mí.

Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ńbà náà dé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, Ròkí sì ní òun fẹ́ jẹ bisikíìtì. Mo fi súẹ́tà rẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà náà ni.

"Rárá o. Tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n wá kúnlẹ̀ kí mi."

"Kí wá ni?"

Ó fi ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ fa ọrùn-ọwọ́ súẹ́tà náà. "Kì í lọ sókè, Màámi. Tí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó máa ń há síbí. Omi á wọ inú ẹ̀, á wá tutù mọ́ mi lára títí tí a ó fi parí kéwú. Tí mo bá bọ́ ọ, apá mi máa ń tètè gbẹ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi, tó jẹ́ pé ooru ló pè é fún àfáà.

"Ibẹ̀ lẹ máa ń fi han àwọn oníbàárà yín. Ẹ ní ibẹ̀ ló dáa jù."

Ẹni tó bá mọ àlùwàlá mọ̀ pé apá gbọ́dọ̀ tutù dé ìgúnpá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi náà ń ṣe é lójoojúmọ́, nínú búbá tó fẹ̀. N kò fìgbà kan ronú pé ọmọ mi ń fi omi ọyẹ́ ṣe é nínú ọrùn-ọwọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fún pa. Bó bá tiẹ̀ bọ́ ọ kó tó fọwọ́ kan omi, apá tútù kò ní gba ibẹ̀ wọlé padà. Aṣọ tútù sì ń fa ooru kúrò lára ju kí ara wà láìní aṣọ lọ. Mo ti kà á, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kò ka nǹkan kan, ló yan èyí tó sàn díẹ̀ nínú méjì tí kò dára. Olórí kunkun ni mo pè é. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kí n fi bisikíìtì kan kún un.

Àfáà wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. A ró ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní ọmọ tí omi lè pa lára kò níláti fọwọ́ kan omi, pé táyámọ́mù wà, èyí tí a ń fi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe. Ó ní láti ọ̀la lọ, òun á máa gbé ìkòkò omi kaná fún gbogbo àwọn ọmọ tó kù. Ó wá wo Ròkí. "Ìwọ náà, máa sọ̀rọ̀. Èmi ò lè rí inú apá aṣọ."

Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá wa sílẹ̀. Mo tú ọrùn-ọwọ́ súẹ́tà náà lójú rẹ̀, mo sì tún apá rẹ̀ hun, ó ń ṣí pẹ̀lú bọ́tìnnì láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá. Òun ló mú bọ́tìnnì, pupa ló mú, kò bá ti aṣọ mu rárá. Mo ti hun irú rẹ̀ fún ọmọ mélòó kan láti ìgbà náà. N kò tíì fi bọ́tìnnì tó bá aṣọ mu sí ti ẹnikẹ́ni, wọ́n ní pupa làwọn fẹ́.

Ara kò gbàgbé kíákíá. Fún oṣù kan, ó máa ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun òkè Mápó lọ sí ilé ìwé, a sì ń padà lọ sí kílíníìkì fún àyẹ̀wò. Àìsàn náà kò lọ. SS ni yóò máa jẹ́, ọyẹ́ á sì máa padà wá lọ́dọọdún. Mo ti gba ìyẹn.

Ọyẹ́ ọdún yìí dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní àná, nígbà tí oòrùn ti yọ díẹ̀, ó dúró níwájú mi, ó ní òun fẹ́ bọ́ súẹ́tà, ooru ń mú òun. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń làágùn. Òógùn náà ń gba omi lára, n kò sì fẹ́ kí omi dín lára rẹ̀. Mo ní kó bọ́ ọ, kó mu kọ́ọ̀pù omi kan kó tó lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ara ọmọ yẹn, ara tó ń ro ó tó báyìí, tí kò sì tíì parọ́ fún un rí. Ó ń sọ fún un nígbà tó tutù, ó ń sọ fún un nígbà tó gbóná. Òun náà sì ti ń sọ fún mi.