Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ Tó Ní Kókó

Ọdún tí wọ́n ń fọ́ òkúta láti kọ́ gbọ̀ngàn sórí Òkè Màpó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti ń kiri ẹ̀kọ nígbà náà. Ewúrẹ́ ìyàwó àgbà baálé agbo ilé kejì sọnù ládùúgbò wa ní Bẹẹrẹ. Baálé yìí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ìyá mi ló pa á jẹ.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá rí, ó jinná, ó sì ní kókó," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká hú ààtàn wọn, a ó rí eegun rẹ̀!"

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ́ fún un. Wọ́n hú u títí. Eegun ẹja, pátákò màlúù, àti ìwo àgbò Iléyá kan tó ti gbó ni wọ́n rí. Àwọn èrò tó ti pé jọ bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, pátákò! Ilé yìí ò mọ adùn ẹran!"

"Mo ra pátákò, n ò jí i," ni ìyá mi dá wọn lóhùn. "Ó ku ààtàn tiyín, Bàbá."

Ó gba ọkọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé baálé lọ. Baálé na ọwọ́ dí i lọ́nà, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ni ewúrẹ́ ní kó hú u. Kò pẹ́ tí eegun ẹsẹ̀ tó ní kókó fi yọ lábẹ́ eérú.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹran mi?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Kọ eléyìí sínú ìwé rẹ dáadáa, ọmọ ọmọ mi, torí ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ hú ààtàn yín, ẹ gbé ọkọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì bá a dé ààtàn tirẹ̀.