Kókó Ọmú Ìyálé àti Èmi Onímọ̀ Ẹnu Lásán

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn ẹranko. Kókó jẹjẹrẹ inú ọmú ajá ni iṣẹ́ mi. Bí dókítà bá ti gé e kúrò, èmi ni mo máa ń là á wẹ́wẹ́, tí màá wá fi ẹ̀rọ wo àwọn jíìnì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ kéékèèké tó ń darí bí ẹran ara ṣe ń dàgbà. Àmì tí mo bá rí níbẹ̀ ló ń jẹ́ ká fura bóyá jẹjẹrẹ náà máa padà wá àbí ó ti lọ nìyẹn. Ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ lórí ẹ̀. Níbi ìsìnkú pàápàá, mo ti dá ọkùnrin kan dúró, mo ní kó máa yẹ ọmú ajá rẹ̀ wò lóṣooṣù.

Ìyálé là ń pe ajá tèmi, torí ó ti wà nílé kí n tó gbé ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó bá pè mí.

"Bàbá Ìbejì, nǹkan kan le lábẹ́ ọmú Ìyálé o. Ó dà bíi hóró àgbàdo."

Mi ò tilẹ̀ dìde. "Ọ̀rá ni."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án ná."

"Ta ló ń ṣiṣẹ́ láàbù nínú èmi àtìwọ?"

Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta, hóró àgbàdo ti di ẹyin àdàbà. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn so okùn mọ́ Ìyálé lọ́rùn, ó mú un lọ sílé ìwòsàn wa, ó gba káàdì, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi gbogbo èèyàn. Inú láàbù ni mo wà tí wọ́n gbé ìgò kan wọlé, kókó tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wà nínú rẹ̀. Mo wo ara ìgò náà, orúkọ ìdílé mi ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo ní èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú ọ̀bẹ. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé já bọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì tún ń wá a kiri lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá mi, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ni ajá."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni èsì máa ń gbà. Mo ti fi ẹ̀rín sọ bẹ́ẹ̀ fún àìmọye èèyàn, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá gùn tó yẹn. Mo bẹ ìyàwó mi títí. Ó ní Ìyálé ni kí n lọ bẹ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ́.

Èsì dé: àmì mẹ́ta dára, ọ̀kan ò dára. Èmi tí mò ń ka irú ìwé yẹn bí ABD, mo dì í mú, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó máa kú ni?"

"Àmì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ fì sí, kò sọ ibi tó máa já sí."

Inú bí mi. "Irú ìdáhùn wo nìyẹn?"

"Tiyín ni," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé tá à ń pín fáwọn èèyàn."

Ó ti di ọdún méjì àbọ̀ báyìí, kókó ò padà wá. Ìyálé sanra, ó sì ń hanrun jù mí lọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, ìyàwó mi á dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹní, á máa fọwọ́ kan ọmú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di bisikíìtì mú lápá orí, kí ajá lè dúró jẹ́ẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo ní kí n bá a fọwọ́ kan ọ̀kan wò.

Ó ní kí n di bisikíìtì mú dáadáa.