Ẹni Tí Ìyá Mi Kọ́kọ́ Rí

Ní Akpakpa, ní Kútọnu, nínú ọgbà ilé kan tí kò jìnnà sí títì tó lọ sí Àjàṣẹ́, èmi àti obìnrin kan tó wá láti Abẹ́òkúta ni a jọ pín ògiri. Èmi ń tẹ̀wé ní bírò ìjọba. Òun ń ra epo pupa ní Pobẹ̀, ó ń tà á ní ọjà Dantokpa. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tó kọ́kọ́ kó dé, kò gbọ́ èdè Fọ̀n rárá, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Mo sọ èyí kó lè yé yín pé n kò kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pobẹ̀ ni ìlú mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Awọ funfun kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní, "Màmá, mo ń bọ̀ wá mú yín lọ sí Kútọnu láìpẹ́. Àwọn dókítà ojú wà níbẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò." Inú rẹ̀ dùn, ó súre fún mi.

N kò lọ mú un. Iṣẹ́ kì í tán ní bírò nígbà náà, lábẹ́ ìjọba ológun tó ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì. Bí a bá tẹ̀wé tán, ìpàdé ló kàn. Bí a bá parí ìpàdé, ọ̀gá á ní kí a lọ ro oko ẹ̀gẹ́ tí bírò wa dá sí ọ̀nà Ekpè, nítorí kamaráàdì tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú oúnjẹ jáde kì í ṣe kamaráàdì. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ ìsinmi ńkọ́? Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, màá tan rédíò, màá máa di irun, màá sì sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí wọ́n bá fi abẹ kan ojú náà tó wá fọ́ pátápátá ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì mú un lọ, kò tíì fọ́. Bí mo ṣe ń fi ọ̀la bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Nítorí pé alájọgbé mi ń lọ sí Pobẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, mo ní kó máa bá mi kí ìyá mi. Àṣìṣe ńlá! Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa ní kí n kí yín." Ìyá wa! Láti ìgbà wo? Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹ̀pà sísun dé nínú ike, ó bù ú sọ́nà méjì lójú mi.

"Ìyá ní èyí ni tiyín, èyí sì ni tèmi."

Mo wo méjèèjì. Tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Mo dúpẹ́, mo wọlé, n kò sì lè jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá obìnrin yìí. Mo rò pé ojú oorun ni mo wà. Mo ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Ìyá mi jókòó lórí ẹní, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi, alájọgbé mi sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló wọlé yẹn?" ìyá mi bèèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"O dé? Ọmọ mi yìí ló mú mi wá. A ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n ní kí a padà wá lọ́la."

Mo pe obìnrin náà síta.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá ìyá nídìí àdògán, wọ́n ń táràrà wá ìkòkò, wọ́n sì ki ọwọ́ bọ iná. Ọkọ̀ ń dúró dè mí, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ."

"O kò lè dúró dè mí ni?"

Ó padà wọlé lọ nu ẹsẹ̀ ìyá mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi láti àárọ̀. Mo ní kí n tẹ ìwé kan ṣoṣo tán ná. Ìwé kan bí òmíràn. Nígbà tí mo sáré dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti tú u. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ alájọgbé mi mú, ó ń wò ó bí ẹni tó rí oṣù tuntun.

"Báyìí lo ṣe rẹwà tó!" ló ń wí. "Wò ó, àbàjà lo kọ!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi gbójú sókè.

"Ìyá wo ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, èmi ni."

Ó wò mí títí. "Háà. O ti ń hu ewú."

Nígbà tí a délé, mo tú inú mi jáde fún alájọgbé mi. Mo ní, "O gba ìyá mi mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ìyá kì í ṣe epo tí ẹnì kan máa rà tí yóò tán lọ́jà. Ẹ wá mú tiyín." Ó gbé ike epo rẹ̀ ti ògiri. "Àbí ẹ rò pé ọ̀lẹ kì í mú èmi náà? Bí mo bá jókòó ro ọ̀nà Pobẹ̀, mi ò ní lọ láéláé. Mo máa ń wọ ọkọ̀ kí n tó rò ó ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí ojú náà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo pinnu pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kán an. Kí obìnrin yẹn tó jí, mo ti dìde. Kì í ṣe ọgbọ́n ló lé mi kúrò lórí ẹní, owú ni. Nígbà tí ìyá mi padà sí Pobẹ̀, mo wọ ọkọ̀ elépo lọ́jọ́ ìsinmi mi, láì tíì fọ ojú, kí ọkàn mi má baà ráyè bá mi jiyàn. Èmi àti alájọgbé mi jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti bu ẹ̀kọ fún mi. Ebi ń pa mí, mo gbà á.

Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Mo mú ìyá mi wá fún ojú kejì fúnra mi, lọ́sẹ̀ tí dókítà dá gan-an. Ní bírò pàápàá, iṣẹ́ tí mo máa ń fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń kọ́kọ́ ṣe é kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ. Ọwọ́ mi wá ń dilẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń sáré.

Ṣùgbọ́n owú náà kò tán. Nígbàkigbà tí mo bá dé Pobẹ̀, ìyá mi á kí mi, á wá wo ẹ̀yìn mi. "Ẹnì kejì rẹ dà?" Bẹ́ẹ̀ ló ń bèèrè títí ó fi dolóògbé lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, alájọgbé mi wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ń ké "Ìyá mi o!" débi pé àwọn ará ìlú ń bèèrè bóyá òun ni àkọ́bí. Mo gbọ́ ọ. Mo lọ jókòó tì í nínú iyẹ̀pẹ̀, mo sì ké sókè jù ú lọ.